Láti Àpagbè Dé Àpamọ̀: Ìjàpá Nínú Iṣẹ́ Ọnà Àfojúrí Òde Òní

Ìfáárà

Nínú lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá, kò sí ẹ̀dá ìtàn tí ó gbajúmọ̀ tó Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. A. B. Ellis ti tẹ díẹ̀ nínú àlọ́ rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1894. Adébóyè Babalọlá ya odidi ìwé sọ́tọ̀ fún un ní ọdún 1973, ìyẹn Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá. Ní òdìkejì òkun, Lydia Cabrera, ọmọ Kúbà, gbé àkójọ àlọ́ kan jáde ní ọdún 1971, ó sì pè é ní Ayapá. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ "Àjàpá" rí kò nílò ògbufọ̀ kí ó tó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹranko tí ó ń rìn jẹ́jẹ́ yìí ti rin ìrìn tí ẹṣin kò lè rìn.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá di etí, tí ó sì la ojú, ọ̀rọ̀ yí padà. Lára ilẹ̀kùn ààfin, òpó ilé àti ọpọ́n Ifá, ẹlẹ́ṣin ni ó gba iwájú, òun àti abiyamọ tí ó kúnlẹ̀, ẹyẹ, ejò àti ẹkùn. Kì í ṣe pé Ìjàpá kò sí níbẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ipò tí ó wà lẹ́nu apàlọ́ kọ́ ni ó wà lára igi. Olórí inú ìtàn kò di olórí lọ́wọ́ agbẹ́gilére. Ọ̀ràn yìí wúwo lónìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń fi ojú rí Ìjàpá kí etí wọn tó gbọ́ ọ: nínú ìwé aláwòrán, nínú kàtúùnù orí YouTube, lára ògiri ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi. Bí ó ti rí nìyẹn ní àdúgbò bíi GRA Ìlọrin, níbi tí ilé kọ̀ọ̀kan ti dá wà nínú ọgbà tirẹ̀, tí kò sì sí agbo ilé tí ìrọ̀lẹ́ ti lè kó àwọn ọmọ jọ.

Àbá tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ kò gùn. Yorùbá pín àlọ́ sí ọ̀nà méjì: àlọ́ àpamọ̀, tí ó jẹ́ ìbéèrè tí olùgbọ́ gbọ́dọ̀ já, àti àlọ́ àpagbè, tí ó jẹ́ ìtàn tí olùgbọ́ ń gbe orin rẹ̀. Àlọ́ Ìjàpá jẹ́ àpagbè. Àwòrán ní tirẹ̀ kò ní ohùn, gbogbo rẹ̀ ni ó sì ń hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò lè dá orin, kò sì lè dúró de elégbè. Nítorí náà, nígbà tí àlọ́ àpagbè bá di àwòrán, ó gbọ́dọ̀ di àpamọ̀ kí ó tó lè yè. Oníṣẹ́ ọnà tí ó mọ èyí a máa sọ àlọ́ dọ̀tun. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀kọ́ ìwà nìkan ni ó ń yà, ìtàn ti sá kúrò nínú rẹ̀.

Ìjàpá méjì nínú àpò ìwé kan

Ìdàrúdàpọ̀ àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀ kí ayàwòrán tó gbé gègé. Nínú ìwé kíkà àwọn ọmọdé, Ìjàpá méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni ti Aesop ará Gíríìsì, tí ó bá ehoro sáré tí ó sì borí nítorí pé ó ní sùúrù. Èkejì ni ti Yorùbá, tí kò ní sùúrù rárá. Ó jẹ́ ọ̀lẹ, olè, ajẹgbèsè àti ọ̀kánjúwà. Ẹ̀tàn ni ó fi ń borí, àṣejù ni ó sì ń bá a wálẹ̀. Tí wọ́n bá sọ àwọn méjèèjì lẹ́nu, kò sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n mú. Nínú àwòrán, karahun kan náà ni wọ́n ní, ẹsẹ̀ mẹ́rin kan náà. Ayàwòrán ni yóò pinnu èwo ni ọmọ yóò gbà sọ́kàn.

Ìpinnu tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó ń jáde láti inú rẹ̀ ni Ìjàpá tí ó wọ awò ojú, tí ó há ìwé mọ́ abíyá, tí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí olùkọ́ àgbà. Àwòrán yìí dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó tàbùkù àlọ́. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kì í ṣe ọgbọ́n. Àlọ́ fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn tí Ìjàpá ti kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, tí ó gbé e kọ́ ọrùn síwájú, tí kò sì lè gun igi mọ́, títí ẹlòmíràn fi sọ fún un pé kí ó gbé e sẹ́yìn. Ẹni tí ó kó ọgbọ́n jọ tán ni ọgbọ́n kékeré tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjàpá tí ó wọ awò ojú kò lè sọ ìtàn yìí, nítorí pé ó ti gba ẹ̀bùn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí àlọ́ ti yà sílẹ̀ fún ojú

Àkíyèsí kan wà tí ó yẹ kí ó fún àwọn ayàwòrán ní ìgboyà. Ọ̀pọ̀ àlọ́ Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn, wọ́n sì parí sí ojú. Ìdí nìyí tí orí Ìjàpá fi pá. Ìdí nìyí tí karahun rẹ̀ fi rí págunpàgun. Ara Ìjàpá ni ìwé tí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sí: ẹ̀bẹ gbígbóná tí ó jí bù sínú fìlà nílé àna ni ó bó orí rẹ̀, ṣíṣubú láti òkè ni ó fọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kí oníṣẹ́ ọnà kankan tó dé ni àlọ́ ti ya àwòrán tirẹ̀, tí ó sì ti fi í sílẹ̀ bí àlọ́ àpamọ̀: kí ni ó ṣe orí tí ó fi pá? Iṣẹ́ ọnà tí ó ní làákàyè yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi àpá yìí, yóò sì jẹ́ kí òǹwòran wá ọ̀nà padà sínú ìtàn.

Kì í ṣe gbogbo àlọ́ ni ó ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ayàwòrán. Nínú àlọ́ Ìjàpá àti àna rẹ̀, abẹ́ fìlà ni gbogbo ọ̀ràn wà. Apàlọ́ lè jẹ́ kí gbogbo ilé dá gbére fún àlejò náà, kí wọ́n máa sìn ín lọ, kí òun àti àwọn olùgbọ́ sì mọ̀ pé ohun kan ń jó o lórí. Ayàwòrán tí ó bá ṣí fìlà ti ba àlọ́ jẹ́. Èyí tí kò bá ṣí i kò tíì sọ ohunkóhun. Òógùn ojú, ọrùn tí ó ń fà wọlé, ọwọ́ àna tí kò fẹ́ tú ọwọ́ àlejò sílẹ̀: irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nìkan ni ó kù fún un. Nínú àlọ́ Ìjàpá àti Erin, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n tẹ́ ẹní lé e, wọ́n gbé àga ọba sórí ẹní, Ìjàpá sì ń kọrin mú Erin bọ̀ wá sílé bí ẹni tí yóò jọba. Níbí ni àwòrán ti lágbára ju ẹnu lọ. Ẹnu gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kòtò kí ó tó sọ ti àga, tàbí kí ó sọ ti àga kí ó tó kan kòtò. Àwòrán lè fi méjèèjì hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹní tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àlọ́ Erin tí ó ṣòroó yà jù. Ta ni ó gbe orin Ìjàpá? Àwọn ọmọ tí ó jókòó ni. Orin tí ó tan Erin lọ sínú kòtò, ẹnu wọn ni ó ti jáde, tayọ̀tayọ̀, pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Nígbà tí Erin bá jìn sí kòtò, elégbè ti di alábàáṣe. Ibí ni agbára ìwà inú àlọ́ wà, kì í ṣe nínú gbólóhùn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń so mọ́ ìparí rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbe orin náà rí, ẹ̀kọ́ nìkan ni ó gbọ́. Kò mọ bí ẹ̀tàn ṣe ń dùn lẹ́nu ẹni tí ó ń ṣe é. Bí àwòrán yóò bá rọ́pò àlọ́, ó gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà láti fi òǹwòran sípò elégbè.

Ìṣòro kékeré kan tún wà tí ó jọ àwàdà: ṣé kí wọ́n wọ ṣòkòtò fún Ìjàpá? Nínú àlọ́, ó ní ìyàwó, ó ní àna, ó ń jẹ gbèsè, ó ń dé fìlà, kò sì sí olùgbọ́ tí ó béèrè bí ó ṣe ń dì í mú. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò nílò láti yan láàárín ẹranko àti ènìyàn. Àwòrán gbọ́dọ̀ yàn. Agbádá sọ Ìjàpá di ènìyàn tí ó gbé karahun pọ̀n; ìhòòhò sọ ọ́ di ẹranko inú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀nà àbáyọ nínú ìhámọ́ yìí ni a fi ń dá ọ̀jáfáfá mọ̀.

Ọ̀nà tí àwọn tí ó ṣáájú gbà

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti já ìhámọ́ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Lórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ojú ènìyàn tí ó tutù wà nísàlẹ̀. Lókè orí rẹ̀ ni ejò, ẹyẹ, akika àti àwọn ẹranko mìíràn ti ń ja ìjà wọn. Ènìyàn kò di ẹranko, ẹranko kò sì di ènìyàn. Ọ̀kan ru èkejì. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, igi náà kì í dá dúró. Ó ń jó, nígbà mìíràn apá kan lára rẹ̀ a máa mì, orin Ẹ̀fẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ ní òru. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá tí ayé gbọ́dọ̀ pamọ́, ère nìkan kọ́ ni wọ́n kà, wọ́n ka orin, ijó àti aṣọ mọ́ ọn. Nínú ilé ọnà tí wọ́n ti fi dígí bò ó, ìdajì rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àwòrán ẹranko lè yè tí orin rẹ̀ bá wà nítòsí.

Aréògún ti Òsì-Ìlọrin, tí ó kú ní ọdún 1954, gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ pín sí àpótí àpótí, àwọn ènìyàn àti ẹranko sì wà nínú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láìsí ìtàn kan tí ó so wọ́n pọ̀. Olójú ni yóò so wọ́n. Àpamọ̀ ni èyí gan-an. Ní Ẹ̀sìẹ́, ní ìpínlẹ̀ Kwara kan náà, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1945, ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ti wà nílẹ̀ kí ìtàn tó dé. Àwọn ará ìlú rí wọn, wọ́n sì fi ìtàn dáhùn: wọ́n ní ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Ère béèrè, ẹnu já a. Ìlànà tí àwọn ayàwòrán òde òní ń wá kò jìnnà sí Ìlọrin.

Àwọn ará Òṣogbo ni ó kọ́kọ́ gbé ìlànà náà wọ inú ohun èlò tuntun. Adébísí Àkànjí, tí ó jẹ́ bíríkìlà, bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn ẹranko sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń fi sí ẹnu ọ̀nà àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé aláràbarà tí àwọn Àgùdà mú wá. Kìnnìún ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹranko tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ ọ́n kò fojú rí. Lójú olówó, kìnnìún ẹnu géètì ń sọ pé onílé lágbára. Nínú àlọ́, kìnnìún ni ọba tí ẹranko kékeré ń tàn jẹ. Àkànjí kúrò lórí kìnnìún tí ó dá jókòó, ó ń fi sìmẹ́ǹtì àti irin ṣe ògiri oníhò tí ènìyàn àti ẹranko kún inú rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá. Ògiri bẹ́ẹ̀ kì í dí ojú. Ìhín àti ọ̀hún ni wọ́n ti ń kà á. Àṣírù Ọlátúndé, ọmọ alágbẹ̀dẹ, lu bàbà àti alumíníọ̀mù títí igi ńlá fi yọ lára wọn, tí ẹyẹ àti ẹranko sì kún ẹ̀ka rẹ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ olórí nínú wọn. Ojú òǹwòran ni ó ń rìn láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, bí apàlọ́ tí ó ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Twins Seven-Seven ni ó lọ jìnnà jù nínú wọn. Ọmọ Ògìdì-Ìjùmú ni, ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ó dé Òṣogbo ní ọdún 1964 gẹ́gẹ́ bí oníjó tí ó ń tẹ̀ lé olóògùn kiri, ó sì di ayàwòrán níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kan láti ọdún 1967 ní àkọlé tí ó gùn bí ìbẹ̀rẹ̀ àlọ́, tí ó dárúkọ àwọn ọdẹ ọ̀lẹ, àwọn oníjàkadì olóró, iwin aláǹgbá àti ọká. Àkọlé náà ń ṣe iṣẹ́ tí ohùn apàlọ́ ń ṣe: ó pe àwọn ẹ̀dá jọ, kò sì sọ ohun tí wọ́n ṣe fún ara wọn. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìlà kún ìlà, ara kan ń hù jáde lára òmíràn, kò sì sí àyè òfìfo tí ojú lè gbé sinmi. Bàyí ni ó ṣe já ìbéèrè ṣòkòtò: níbi tí awọ, ìpẹ́ àti aṣọ ti jẹ́ ìlà kan náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ẹranko parí sí. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ọ̀ṣọ́ lè gbé àlọ́ mì. Tí ìlà bá ń tún ara rẹ̀ ṣe láìdáwọ́ dúró, ìbéèrè a di aṣọ aláràbarà, òǹwòran a sì gbóríyìn fún un láìwá ìdáhùn.

Uche Okeke, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ayàwòrán tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Zaria ní ọdún 1958, gba òdìkejì ọ̀nà náà. Òun fúnra rẹ̀ kó àlọ́ Igbo jọ, ó yàwòrán sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1971. Láti inú ọnà uli ni ó ti mú ìlà rẹ̀: ìlà díẹ̀, àyè funfun púpọ̀. Àyè funfun yẹn ni ibi tí egbè ń gbé wọlé. Bruce Onobrakpeya, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zaria, ya àwòrán sí ìtúmọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà, tí ó jáde ní ọdún 1968. Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ẹyẹ àti ẹranko ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ènìyàn, Ògòngò sì jẹ́ ọba ẹyẹ. Níwọ̀n ìgbà tí ohùn Akàrà-oògùn ti wà lójú ewé tí ó kojú àwòrán, àwòrán kò ní ẹrù ìtàn láti gbé, ó lè dúró bí ère.

Ẹni tí ó gba ọ̀nà tí ó yàtọ̀ pátápátá ni Yínká Ṣóníbárẹ́, tí wọ́n bí ní London ní ọdún 1962, tí ó sì dàgbà ní Èkó. Nínú ère rẹ̀ kan láti ọdún 2012, ọmọ tí ó wọ aṣọ àǹkárá ní orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ìbọn aláwọ̀ wúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, fóònù wà ní èkejì. Iṣẹ́ náà gún régé, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ ni pé ènìyàn ti di ẹranko. Àlọ́ Yorùbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹranko ti jẹ́ ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ayàwòrán bá gbé orí Ìjàpá lé ọrùn olóṣèlú, ìka rẹ̀ ń tọ́ sí ẹlòmíràn. Òǹwòran yóò rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ pé òun kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Èébú ni ìyẹn. Nínú àlọ́, ẹni tí ó rẹ́rìn-ín ti gbe orin olè kí ó tó rẹ́rìn-ín.

Ògiri GRA àti agbo ilé

Níbo ni irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ ti wúlò jù? GRA Ìlọrin fi ìdáhùn hàn kedere. Ìjọba amúnisìn ni ó dá irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí ó ya wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ìlú àtijọ́. Ní apá ìhín ni Kwara Hotel àti ọ̀nà Ahmadu Bello wà, pẹ̀lú ilé onígéètì. Ní apá ọ̀hún ni Ọjà-Ọba, ààfin Ẹ́míà àti àwọn agbo ilé. Agbo ilé ni àlọ́ ń gbé. Ìlọrin sì jẹ́ ìlú tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti lágbára: níbẹ̀ ni dadakúàdà ti gbilẹ̀, tí Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú fi di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Láti agbo ilé dé GRA kò jìnnà lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìnnà fún àlọ́. Kò sí elégbè níbi tí ọmọ méjì péré wà nínú ọgbà, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń pè wọ́n jẹun.

Ohun tí ó wà nínú ewu kì í ṣe orúkọ Ìjàpá. Orúkọ náà yóò pẹ́ lára ògiri àti nínú ìwé. Ohun tí ó lè sọnù ni ìmọ̀ pé ẹ̀tàn nílò olùrànlọ́wọ́, àti pé ohùn ẹni lè wà lára rẹ̀. Àwòrán tí ó ń kọ́ ọmọ pé "má jalè" kò lè fi ìmọ̀ yẹn lé e lọ́wọ́. Àwòrán tí ó fi àga ọba, ẹní àti kòtò hàn án, tí kò sì kọ ohunkóhun sísàlẹ̀, lè mú kí ó bi ẹni tí ó wà nítòsí léèrè: kí ni wọ́n ń ṣe? Ìbéèrè yẹn yóò wá ìyá àgbà rí, tàbí awakọ̀, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ti ìgbèríko wá. Ẹni tí ó bá dáhùn yóò ní láti kọ orin, nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn láti ṣàlàyé bí Erin ṣe dé orí ẹní. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, àpamọ̀ ti padà di àpagbè.

Ìkádìí

Bí àwọn agbẹ́gilére àtijọ́ kò ṣe sọ Ìjàpá di olórí, ó ṣeé kà sí ọgbọ́n. Ẹni tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn kò nílò igi. Òde òní ti yí ìyẹn padà, iṣẹ́ sì ti bọ́ sọ́wọ́ ayàwòrán. Iṣẹ́ náà kì í ṣe láti sọ ìtàn tán. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi hàn pé ẹranko lè wà lórí ènìyàn láìjẹ́ pé ọ̀kan gbé èkejì mì. Ilẹ̀kùn Aréògún fi hàn pé olójú lè so ohun tí oníṣẹ́ kò so. Twins Seven-Seven kún inú rẹ̀ dé etí, Okeke sì dá àyè sí, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè tiwọn. Àwòrán Ìjàpá tí ó bá ti dáhùn tán ti tilẹ̀kùn mọ́ elégbè. Èyí tí ó bá mú ọmọ béèrè ìdí tí orí rẹ̀ fi pá ti ṣe ìdajì iṣẹ́ àlọ́, ó sì ti fi ìdajì tí ó kù sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ orin.